Àdúrà Inú Garawa

Ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, kó kọ́kọ́ gbé òkèlè ẹnu rẹ̀ mì kó tó bá mi lọ. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tu nǹkan sílẹ̀ nítorí tèmi. Èyí tí wọ́n tu sílẹ̀ ní Èjìgbò lọ́dún tó kọjá ti tó gbogbo wa.

Jeremiah Oyèdèjì ni orúkọ ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Jẹrẹ ni wọ́n ń pè é nílé, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi í ṣe olùdarí Ọ́fíìsì Ìgbafẹ́ àti Adùn, kò dáhùn sí orúkọ kankan mọ́ tí "Ọlọ́lá Jùlọ" ò bá ṣáájú rẹ̀. Ẹ ò mọ Ọ́fíìsì Ìgbafẹ́ àti Adùn? Ẹ má dá ara yín lẹ́bi, àwa tí à ń gbé ìlú náà gan-an ò mọ̀ ọ́n. Yàrá kan ni, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ta sìmẹ́ńtì. Tábìlì kan ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú fáànù kan tí kì í yí, àti àga ńlá kan tó ń yí dípò fáànù. Orí àga yẹn ni Jeremiah máa ń jókòó sí láti àárọ̀, tí á máa yí ara rẹ̀ ka ibi tí kò sí iṣẹ́ kankan.

Ẹnì kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ rẹ̀, Débọ̀ lorúkọ rẹ̀, ọkùnrin tó ti níyàwó tó ti bímọ, tí kò yẹ kó máa ṣe ohun tó ń ṣe. Débọ̀ ló ń di agboòrùn mú lórí ọ̀gá rẹ̀, kódà nínú ilé. Débọ̀ ló máa ń rẹ́rìn-ín kí ọ̀gá tó parí àwàdà. Ohun tí ọ̀gá bá sì jẹ kù, ife tí ọ̀gá bá fẹnu kàn, Débọ̀ ló ń parí rẹ̀, á wá nu ẹnu, á ní, "Àjẹkù àgbà, ìbùkún ni. Àmín!" Àmín yìí ti mọ́ ọn lẹ́nu débi pé bó bá mu omi nínú páìpù, á ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n má purọ́ mọ́ Jeremiah, ohun kan wà tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Bàbá rẹ̀ gbá ilẹ̀ ọ́fíìsì àwọn ọ̀gá títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ orúkọ rẹ̀. "Bàbá onígbàálẹ̀" ni wọ́n ń pè é títí ó fi kú. Jeremiah ti búra pé òun á jókòó sórí àga alága ìjọba ìbílẹ̀ dandan, kí gbogbo ayé lè pe Oyèdèjì kó sì kún wọn lẹ́nu. Ìbò ń bọ̀, ẹgbẹ́ òṣèlú wọn sì fẹ́ fa ẹnì kan kalẹ̀. Ọwọ́ Bàbá Àbùbákàr, aṣíwájú ẹgbẹ́ ní gbogbo agbègbè, ni ọ̀rọ̀ náà wà. Bàbá yìí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wíwò ló máa ń wò.

"Jeremiah," ni Bàbá wí fún un, "jẹ́ kí n rí ọ láàrin èèyàn. Ẹni tí àwọn ìyá bá gbà, òun la máa fà kalẹ̀."

Ẹlòmíràn ì bá lọ kí àwọn ìyá nílé. Jeremiah kọ̀, ó ní ọgbọ́n ọmọdé nìyẹn. Ó ní òun á ṣe Àfihàn Àgbáyé ti Oúnjẹ àti Ohun Mímu Aládùn, gbogbo ìyá ni yóò gbé oúnjẹ wá tà, òun ni yóò máa tọ́ ọ wò níwájú gbogbo èèyàn. Àgbáyé tó ń wí yìí, Ola àti Ifẹ̀-Ọ̀dàn tó wà nítòsí wa ni.

Orí fóònù ló ti kọ́ ìtọ́wò. Ó rí àwọn òyìnbó kan níbẹ̀ tí wọ́n ń tọ́ wáìnì wò. Wọ́n á mi ife, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á fà á sẹ́nu ṣùrùrù, wọ́n á sì tu ú sínú garawa kékeré kan. Wọn kì í gbé e mì. Ìtutọ́ yìí wọ Jeremiah lójú gan-an. Ó ní àṣírí ọlá nìyẹn, pé ẹni tí kò lówó ló ń gbé nǹkan mì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi oúnjẹ ilé dánra wò. Tósìn ìyàwó rẹ̀ gbé ọbẹ̀ ẹ̀gúsí sílẹ̀, ọkọ bu ṣíbí kan, ó wo òkè àjà, ó sì tu ú sínú abọ́ ìfọwọ́.

"Jẹrẹ, kí ló ṣe ọbẹ̀ mi?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ọ̀fun ni ẹranko ń lò, ìyàwó mi. Ahọ́n ni ọ̀mọ̀ràn ń lò."

Tósìn wò ó, ó wo abọ́ ìfọwọ́, ó palẹ̀ àwo mọ́. "Ó dáa. Ẹni tó bá tutọ́ sókè, ojú ara rẹ̀ ló máa fi gbà á. Lọ́la, ahọ́n ni kó o máa jẹ lálẹ́." Láti ọjọ́ náà, búrẹ́dì lọ́kọ rẹ̀ ń rà jẹ lójú títì.

Bí àfihàn ṣe ń sún mọ́, òfin ń jáde láti ọ́fíìsì. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé nǹkan mì lórí pápá kí Ọlọ́lá Jùlọ tó tọ́ ọ wò. Wọ́n ní kí wọ́n kó àga kúrò, nítorí ẹni tó bá jókòó, oorun ló ń tọ́ wò. Wọ́n tún ní kí iyán tutù kí wọ́n tó gbé e wá, nítorí ooru kì í jẹ́ kí iyán sọ tẹnu rẹ̀. Èyí ló dun àwọn ará Ifẹ̀-Ọ̀dàn jù. Ṣùgbọ́n ìjọba ti wí, wọ́n dákẹ́, wọ́n jẹ́ kí iyán tutù.

Ọjọ́ pé. Pápá ilé ìwé kún fọ́fọ́. Àwọn tó ti Àbíjàn dé gbé àtíẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe àti ẹja díndín wá, wọ́n dín dòdò tí wọ́n ń pè ní àlókò, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo àdúgbò. Ẹnì kan to ìgò wáìnì sórí tábìlì. Àdìsá adẹ́mu láti Ola gbé akèrègbè mẹ́ta kalẹ̀. Bàbá Àbùbákàr náà dé, ó dúró lábẹ́ igi máńgòrò, ó fara ti ọ̀pá rẹ̀, nítorí wọ́n ti kó àga lọ.

Ọlọ́lá Jùlọ wọlé. Ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun, ó fi aṣọ ìnujú kọ́ ọrùn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fá lórí. Débọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn, agboòrùn lọ́wọ́ ọ̀tún, garawa kan tó ń dán bí fàdákà tó fi kọ́ apá òsì. Wọ́n ti fi Débọ̀ joyè Ìríjú Garawa láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó sì ti dúpẹ́ lórí ìdọ̀bálẹ̀.

"Ẹ̀yin èèyàn mi!" Jeremiah gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. "Ìlú lójú, ó fi ń ríran! Ìlú létí, ó fi ń gbọ́ràn! Ṣùgbọ́n ìlú tí kò ní ahọ́n, kí ni yóò fi mọ iyọ̀ yàtọ̀ sí ata? Èmi rèé! Èmi ni Ahọ́n Ìlú! Mo ti tọ́ Paris wò, mo ti tọ́ Róòmù wò, lónìí mo wá tọ́ yín wò!"

Irọ́ ni. Àbíjàn ni ibi tó jìnnà jù tó dé rí, inú rírun ló sì fi gbogbo ìrìn àjò náà ṣe.

"Ahọ́n ti sọ̀rọ̀!" Débọ̀ kígbe.

"Kó pẹ́ lẹ́nu!" ni àwọn tí wọ́n ti kọ́ sílẹ̀ dáhùn.

Ọ̀dọ̀ Bùkọ́lá oníyán, ọmọ Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Jeremiah bu iyán tí kò tó èékánná, ó di ojú, ó gbé orí sókè, ó ń jẹ ẹ́, ó ń jẹ ẹ́, ẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń wú.  Ló bá tẹ̀ ba, "Pùúù!" sínú garawa.

"Iyán yìí ń tijú," ó wí. "Ó ń sá fún mi. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ rẹ̀ lọ́hùn-ún, mo gbọ́ ohùn òjò àkọ́rọ̀. Mo gbọ́ ọkọ́ kan tó ti dípẹtà."

"Ẹ dákun, sà," Bùkọ́lá kúnlẹ̀, "ṣé òkúta wà nínú rẹ̀ ni?"

"Òkúta kẹ̀? Ó dára púpọ̀."

"Ó dára, ẹ wá tu ú?"

"Bó ṣe dára tó ni mo ṣe tu ú, arábìnrin."

Bùkọ́lá dìde lórí ìkúnlẹ̀. Àwọn tó ti tò síwájú odó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ níkọ̀ọ̀kan. Àbí kí ni ẹ̀yin náà ì bá ṣe? Ọ̀gá àgbà tọ́ iyán wò, ó tu ú. Ta ni yóò tún fi ọmọ rẹ̀ sún mọ́ ọn? Títí oòrùn fi wọ̀, iyán tó gún láti òru kò rí ẹni rà á. Inú bí i débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀.

Wọ́n dé ọ̀dọ̀ Àdìsá. Ọlọ́lá Jùlọ mi ife ẹmu, ó wo ìfóòfó rẹ̀, ó fi imú sí i. "Ọdún wo lèyí?"

"Ọdún kẹ̀?" Àdìsá wo ojú àwọn tó wà nítòsí. "Àárọ̀ yìí ni mo gbé e sọ̀ kalẹ̀, sà. Bó bá di ọ̀la, ó ti kan."

"Ó kéré lọ́jọ́ orí. Ẹ lọ tọ́jú rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá." Ó fà á sẹ́nu ṣùrùrù. "Pùúù!"

"Ahọ́n ti sọ̀rọ̀!" Débọ̀ wí, ó gbé ìyókù dà sọ́fun. "Àmín!"

Àwọn tó dáhùn pé kó pẹ́ lẹ́nu lọ́tẹ̀ yìí kò pọ̀. Ó tu àtíẹ̀kẹ́. Ó tu àlókò. Ó tu ẹja, ó ní ẹja náà kò rántí òkun mọ́. Obìnrin Àbíjàn kan tó ti ń fẹ́ iná láti ìdájí fi ọwọ́ bo ẹnu, ó fi èdè Faransé ké pe Ọlọ́hun, "Mọ̀ǹ Díọ̀! Oúnjẹ Ọlọ́hun!" Bí wọ́n ṣe ń ti ibì kan dé ibòmíràn ni ọjà ń kú lẹ́yìn wọn. Ariwo pápá sì rọlẹ̀ títí ó fi ku kíkùn lásán. Ẹ wá gbọ́ ohun tó bà mí nínú jẹ́: Jeremiah rí ìdákẹ́jẹ́ náà, ọ̀wọ̀ ló pè é. Ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Bàbá mi, ẹ dìde wò ó. Wọn ò lè mí níwájú ọmọ onígbàálẹ̀."

Bàbá Àbùbákàr fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí tábìlì tó gbẹ̀yìn. "Ẹ mú un dé ọ̀dọ̀ Ìyá Bàrákátù. Kí wọ́n gbàdúrà fún un, ká lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kàn."

Kò sí ẹni tí kò mọ Ìyá Bàrákátù. Àbíjàn ló ti lo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ó padà wálé, ó kọ́lé, ó dàgbà. Àwọn tí wọ́n bá fẹ́ wọ ọkọ̀ Àbíjàn máa ń kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ rẹ̀ fún àdúrà. Omi atalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní nyamaku lọ́hùn-ún ló gbé wá sí àfihàn. Ó bù ú sínú ife, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Gbogbo pápá sì sún mọ́ wọn, ìyá tó ń bínú àti ìyá tí kò bínú, nítorí ọ̀rọ̀ àdúrà yàtọ̀.

"Jeremiah, ọmọ Oyèdèjì," ni Ìyá wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni pe orúkọ bàbá rẹ̀ níta gbangba. "Ohun tí ò ń wá, Ọlọ́hun á fi fún ọ."

"Àmín!"

"Àga tí ò ń wò, ìdí rẹ ni yóò gbà á."

"Àmín!" Bàbá Àbùbákàr gan-an ṣe àmín.

"Bí omi yìí ṣe ń wọ ọ̀fun rẹ wọlé, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ yóò máa wọ inú àwọn èèyàn. Gbà, mu."

"Àmín o!" Pápá mì tìtì.

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, mi ò ní láti kọ́ yín. Oyin ìsọmọlórúkọ, iyọ̀, obì, omi tútù, ohunkóhun tí àgbà bá gbàdúrà sí, a ó fẹnu kàn án, a ó gbé e mì, ibi tí àdúrà ń gbà wọlé nìyẹn. Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ tí kò tíì mọ ìyá rẹ̀ dáadáa, bí wọ́n bá fi oyin kàn án lẹ́nu, á pọ́n ọn lá. Kì í tu ú.

Jeremiah gba ife. Ó mi í. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó fà á sẹ́nu ṣùrùrù, ó gbé orí sókè, ẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú.

"Gbé e mì," ni Tósìn ìyàwó rẹ̀ wí láàrin èrò. "Jẹrẹ, mo bẹ̀ ọ́, gbé e mì!"

"Pùúù!"

"Atalẹ̀ inú rẹ̀ ń pariwo jù," ni Ahọ́n Ìlú wí, ó sì na ife sẹ́yìn. Débọ̀ gbà á bó ti ń gbà á láti ọjọ́ yìí, ó gbé gbogbo rẹ̀ dà sọ́fun, gbọ̀lù-gbọ̀lù, ó nu ẹnu. "Àmín!"

 Kíkùn gan-an dáwọ́ dúró. Jeremiah ṣì ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń retí kí wọ́n ní kó pẹ́ lẹ́nu.

"Jeremiah," Bàbá Àbùbákàr ti kúrò lábẹ́ igi máńgòrò, "kí lo tu?"

"Omi atalẹ̀ ni, Bàbá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní—"

"Àdúrà ńkọ́?"

Jeremiah wo inú garawa. Iyán, ẹmu, ẹja, àtíẹ̀kẹ́, omi atalẹ̀ lórí gbogbo rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà tó yé e. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ funfun. "Ìyá, ẹ ṣàánú mi! Ẹ tún un gbà fún mi! Mo máa gbé e mì!"

"A kì í tutọ́ sílẹ̀ ká tún padà lá a, ọmọ mi," ni Ìyá Bàrákátù wí. Kò bínú rárá, ìyẹn ló burú níbẹ̀. "Mo ti gbà á. Ó wà nínú garawa."

Ọkùnrin náà fò dìde. Ó sáré lọ bá Bùkọ́lá, ó ní kó fún òun ní iyán, òun á jẹ odidi odó lójú gbogbo ayé. Bùkọ́lá fi ọmọrí dé e. "Ahọ́n lẹ ní ká pèsè sílẹ̀ fún, sà. A ò pèsè fún ọ̀fun." Ó sáré dé ọ̀dọ̀ Àdìsá, Àdìsá ní kó padà wá lọ́dún mẹ́wàá. Ẹ̀rín bú jáde lórí pápá, àwọn ọmọ ń ṣe "Pùúù!", àwọn ìyá wọn ò sì bá wọn wí.

Ó ku garawa. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n ojú ló ń ríran. Jeremiah já garawa gbà lọ́wọ́ ìríjú rẹ̀, ó gbé e sókè, ó gbé e dé àgbọ̀n. Gbogbo adùn Èjìgbò, Ola àti Ifẹ̀-Ọ̀dàn kí i káàbọ̀ sí ihò imú. Ó wo Bàbá Àbùbákàr. Ó tún wo inú garawa. Ló bá jù ú sílẹ̀, ó fi aṣọ ìnujú bo ẹnu, ó sáré gba ẹ̀yìn ilé ìwé lọ. Ohun tó wà nínú garawa sì dà sínú iyẹ̀pẹ̀.

"Ta ló wá gbé àdúrà yẹn mì?" Bàbá Àbùbákàr bèèrè.

Gbogbo ojú yí sí Débọ̀, tí ife ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Èmi kẹ̀, Bàbá? Àjẹkù lásán ni mo parí."

"Mo rí i," ni Bàbá wí. 

Débọ̀ ni wọ́n fà kalẹ̀, Débọ̀ ló sì wọlé. Ẹ má bi mí bóyá ọgbọ́n ni. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti yan alága nítorí ohun tí kò tó ìyẹn. Ẹni tó ń ta sìmẹ́ńtì ti gba yàrá ọ́fíìsì, ó ti kó àpò sìmẹ́ńtì lé àga tó ń yí. Alága Débọ̀ náà ti ní ẹni tó ń di agboòrùn mú fún un báyìí, ẹni náà ló ń parí ìsàlẹ̀ ife rẹ̀. Ó ń parí rẹ̀ dáadáa, ó sì ń ṣe àmín.

Ní ti Jeremiah, bí ẹ bá bá a pàdé tí ẹ fún un ní nǹkan, á gbé e mì, á sì la ẹnu gbàù kí ẹ lè wo inú rẹ̀. Gbogbo ilé tó bá wọ̀ ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ sílé Ìyá Bàrákátù. Ìyá ń bó atalẹ̀ lọ́wọ́. Jeremiah dọ̀bálẹ̀. Ìyá ní kó dìde, ó dìde dé orí orúnkún. Ìyá bu omi inú àmù fún un nínú ife ọjọ́ àfihàn yẹn, ó sì wo ojú rẹ̀.

Ó gbé omi náà mì, gbọ̀lù-gbọ̀lù, kò ku ẹ̀kán kan. Ó la ẹnu. Ìyá wo inú rẹ̀, ó mi orí.

"Òùngbẹ ò ní gbẹ ọ́."

"Àmín!" Ohùn Jeremiah gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Ó dúró lórí orúnkún rẹ̀, ó ń retí ìyókù. Ìyá ti padà sídìí atalẹ̀.

"Ìyá, ṣé ó parí ni?"

"Omi lo mu, Jẹrẹ," ni Ìyá wí. "Àdúrà omi nìyẹn."

Jeremiah fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife padà fún un, ó dúpẹ́, ó sì gba ibi tó gbà wọlé jáde.